Ayùn àti díríìlì oníbátìrì fún iṣẹ́ káfíńtà: èwo ni kí n rà?

Káfíńtà Ìsẹ́yìn béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi àti ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi. Ìsẹ́yìn ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà, ó sì ti pé ọdún mọ́kànlá tí mo ti gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá tí ó kọ́ mi. Ọ̀nà méjì ni iṣẹ́ mi pín sí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òrùlé ni mo sábà máa ń kàn, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ní àwọn abúlé tí òpó iná kò dé rárá. Nígbà òjò, inú ṣọ́ọ̀bù ni mo máa ń wà, tí mo ń kan ilẹ̀kùn, àga àti kọ́bọ́ọ̀dù. Títí di òní, ayùn ọwọ́ ni mo fi ń rẹ́ igi lórí òrùlé, jẹnẹrétọ̀ kékeré ni mo sì ń gbé kiri fún díríìlì oníwáyà tí mo ní. Owó epo ti ń jẹ èrè iṣẹ́ náà tán. Wáyà tí ó ń rọ̀ láti orí òrùlé wálẹ̀ ti kọ́ ọmọ iṣẹ́ mi kan lẹ́sẹ̀ rí, ó sì ṣubú. Ọlọ́run ló yọ ọ́ tí kò fi fara pa púpọ̀.

Mo ti fi owó díẹ̀ pamọ́ láti ra àkójọ ẹ̀rọ oníbátìrì tí ayùn àti díríìlì wà nínú rẹ̀. Ohun tí ó dà mí láàmú ni pé, nígbà tí mo dé ọjà, olùtajà kan gbé àpótí kan kalẹ̀ tí wọ́n kọ 88V sí lára, ó gbé òmíràn tí ó jẹ́ 198V, owó àwọn méjèèjì kò sì tó ìdajì owó èyí tí wọ́n kọ 18V péré sí. Ó fi dá mi lójú pé èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá pọ̀ ni agbára rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Àbúrò mi tí ó wà ní Houston, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, sì ní òun lè mú àkójọ kan bọ̀ nígbà tí òun bá ń bọ̀ wálé ní oṣù Kejìlá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Ṣé òótọ́ ni àwọn nọ́ńbà wọ̀nyẹn? Ṣé ayùn oníbátìrì lè rẹ́ àpá àti ìrókò bí ó ti yẹ, àbí arère àti àfàrà nìkan ni agbára rẹ̀ ká? Ṣé kí n ra gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí kí n máa rà á lọ́kọ̀ọ̀kan? Ẹ má bínú pé ìbéèrè mi pọ̀; ọdún méjì ni mo fi tọ́jú owó tí mo fẹ́ ná yìí.

Atúnbátìrìṣe, Òṣogbo:

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà tí ẹ rí lára àpótí ni n óò dáhùn, nítorí bátìrì ni mo ń tú wò lójoojúmọ́. Inú bátìrì ẹ̀rọ ìgbàlódé, ọmọ bátìrì lithium kéékèèké ni wọ́n tò jọ síbẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ fọ́lítì 3.6 nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́, ó sì máa ń gòkè dé 4.2 nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kún. Bí a bá to márùn-ún tẹ̀lé ara wọn, 18 ni àpapọ̀ wọn lẹ́nu iṣẹ́, 21 ni nígbà tí wọ́n bá kún tán. Nítorí náà, ẹ̀rọ tí wọ́n kọ 18V sí, èyí tí wọ́n kọ 20V Max sí ní Amẹ́ríkà, àti èyí tí wọ́n kọ 21V sí, ohun kan náà ni gbogbo wọn. Ìgbà tí kálukú wọn bátìrì rẹ̀ ni ó yàtọ̀.

Kí bátìrì tó lè jẹ́ 88V ní tòótọ́, ó kéré tán, ọmọ bátìrì mọ́kànlélógún ni wọ́n gbọ́dọ̀ tò tẹ̀lé ara wọn, irú bátìrì bẹ́ẹ̀ kò sì ní ṣeé fi ọwọ́ kan gbé lára díríìlì. Nínú gbogbo àwọn tí wọ́n kọ 88V, 98V tàbí 198V sí tí àwọn oníbàárà ti gbé wá sọ́dọ̀ mi, n kò tíì fi mítà wọn ọ̀kan tí ó kọjá 21. Ẹni tí ó ṣe é kàn fi nọ́ńbà náà sọ ẹ̀rọ rẹ̀ lórúkọ ni. Mi ò sọ pé gbogbo wọn ni kò lè ṣiṣẹ́ o, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá purọ́ lórí fọ́lítì, báwo ni a ó ṣe gbà á gbọ́ lórí nǹkan yòókù?

Nọ́ńbà tí ó yẹ kí ẹ máa wá ni èyí tí Ah tẹ̀lé. Bí a bá fi táńkì omi ṣe àpèjúwe, fọ́lítì ni gíga òpó tí a gbé táńkì lé, Ah ni bí táńkì náà ṣe tóbi tó. Ẹ sọ méjèèjì di ìlọ́po ara wọn, ẹ ó sì mọ iye iṣẹ́ tí ó wà nínú bátìrì: 18V tí ó jẹ́ 2Ah ń gbé agbára 36Wh (wáàtì lọ́nà wákàtí), 18V tí ó jẹ́ 5Ah ń gbé 90Wh. Bí ayùn yín bá ń jẹ 600 wáàtì bí ó ti ń la igi líle lọ, bátìrì kékeré yẹn kò ní ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta ààbọ̀ lọ, èyí ńlá náà yóò sì ṣe ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Kì í ṣe ìṣẹ́jú aago lásán o, ìṣẹ́jú tí eyín ayùn fi wà nínú igi ni mò ń kà. Lórí òrùlé, níbi tí ẹ ti ń rẹ́ igi kan tí ẹ ó sì fi ayùn sílẹ̀ láti kàn án, ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án pọ̀ ju bí ẹ ti rò lọ.

Wọ́n máa ń purọ́ lórí Ah pẹ̀lú, ìwọ̀n sì ni ó ń tú àṣírí irọ́ náà. Ọmọ bátìrì tí ó wọ́pọ̀ jù lọ, èyí tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ milimítà 18, tí gígùn rẹ̀ sì jẹ́ 65, kò lè gbà ju nǹkan bí 3.5Ah lọ, ó sì máa ń wúwo tó gíráàmù 45 sí 50. Bí wọ́n bá fi irú rẹ̀ ṣe bátìrì 5Ah, ìlà méjì ni wọn yóò tò, mẹ́wàá lápapọ̀, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì kílò kí a tó ka ike àti irin rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ 6Ah sí bátìrì kan, tí ẹ sì gbé e sórí òṣùwọ̀n tí kò tó gíráàmù 400, ẹ dá a padà fún ẹni tí ó ni ín. Ẹ bẹ olùtajà kí ó jẹ́ kí ẹ wọ̀n ọ́n; ẹni tí ọjà rẹ̀ bá jẹ́ ojúlówó kò ní kọ̀.

Ooru ni ọ̀tá bátìrì wọ̀nyí. Ẹ má fi í sí iwájú ọkọ̀ nínú oòrùn, ẹ má sì fi èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbóná lẹ́nu iṣẹ́ sórí ṣájà lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ kò bá ní lò ó fún oṣù mélòó kan, ẹ jẹ́ kí ó wà ní ìdajì. Kò dára kí ó kún fọ́fọ́, kò sì dára kí ó gbẹ.

Bàbá Onípákó, Ìbàdàn:

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Ẹni tí ó sọ̀rọ̀ bátìrì ti sọ ọ́ dáadáa, ọ̀rọ̀ ayùn ni ó kù.

Kí o tó béèrè agbára, béèrè bí abẹ rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Igi òrùlé tí à ń rà, ìbáà jẹ́ 2×3, 2×4 tàbí 2×6, nínípọn rẹ̀ jẹ́ íǹṣì méjì, ìyẹn milimítà 50. Ayùn róbótó tí abẹ rẹ̀ jẹ́ milimítà 165 máa ń wọlé tó nǹkan bí 55 nígbà tí ó bá dúró ṣánṣán, nítorí náà yóò gé e já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èyí tí abẹ rẹ̀ jẹ́ milimítà 125, tí wọ́n máa ń kó sínú àwọn àpótí olówó pọ́ọ́kú, kò lè gé e já. O ní láti yí igi náà padà kí o tún gé e láti òdìkejì, ojú ibi tí o gé kò sì ní bára mu. Bí o bá ń gé igi ní ìdagẹ̀rẹ̀ fún orí àjà, ìwọ̀n tí abẹ ń wọlé tún máa ń dínkù sí i: 165 yẹn kò ní wọlé ju nǹkan bí 40 lọ nígbà tí o bá tẹ̀ ẹ́ dé digíríì 45. Fi èyí sọ́kàn kí o tó gun òkè.

O béèrè bóyá ó lè rẹ́ àpá. Ó lè rẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n rírẹ́ ní ìbú yàtọ̀ sí lílà ní òòró. Láti gé orí àpá 2×6, ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ni. Láti la pákó àpá tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12 láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, bátìrì yóò gbóná, ẹ̀rọ yóò gbóná, ìwọ náà yóò sì máa dúró. Èmi máa ń la pákó mi níbi ẹ̀rọ ńlá kí n tó gbé e kúrò ní ọjà pákó Bódìjà, mo sì gbà ọ́ níyànjú pé kí o ṣe bẹ́ẹ̀ níbikíbi tí o bá ti ń ra igi. Ayùn oníbátìrì wà fún gígé ní ibi iṣẹ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń bú bátìrì nígbà tí ó jẹ́ pé abẹ ni ó kú. Ra abẹ tí ẹnu eyín rẹ̀ jẹ́ carbide, eyín 24 fún igi òrùlé, eyín 40 fún plywood àti iṣẹ́ tí ojú rẹ̀ yóò hàn síta. Ṣọ́ra fún ìrókò gan-an. Òkúta funfun líle máa ń wà nínú igi ìrókò mìíràn, inú igi náà ni ó ti ń dàgbà, bí ayùn bá sì bá a pàdé, eyín rẹ̀ ti ṣá nìyẹn. Nígbà tí o bá rí ibi tí àwọ̀ ìrókò yí padà tàbí tí ìfági ń ta ìpàǹpá iná, yà fún un. Eruku rẹ̀ náà máa ń yún ara, ó sì máa ń dí ẹni nímú, nítorí náà bo imú rẹ.

Ohun kan tí mo fẹ́ kí o gbà gbọ́ láti ẹnu mi: ayùn oníbátìrì kò kéré léwu ju oníwáyà lọ. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo gbé pákó lé orí àga méjì, mo sì ń rẹ́ ẹ láàárín. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó já, àárín rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀, ojú ibi tí mo gé sì pa dé mọ́ abẹ; ayùn ta padà sí mi, ó gé ṣòkòtò mi ní itan, ó sì fi ara pa mí díẹ̀. Apá tí yóò já bọ́ ni kí o jẹ́ kí ó yọ síta kọjá àga, kí ó lè lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí o sì yọ bátìrì kúrò kí o tó fi ọwọ́ kan abẹ, ní gbogbo ìgbà, ìbáà ṣe ọmọ iṣẹ́ ni o rán.

Oníkọ́bọ́ọ̀dù, Abẹ́òkúta:

Ẹ kú iṣẹ́ o, Bọ̀dá. Bàbá, ẹ ṣeun, mo sì kúnlẹ̀ kí n tó sọ èyí tí èrò mi fi yàtọ̀ sí ti yín díẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná ni mò ń kàn, láti àárọ̀ di alẹ́ ni díríìlì sì wà lọ́wọ́ mi. Ayùn oníbátìrì mi lè wà lórí pẹpẹ fún ọjọ́ mẹ́ta kí n tó fọwọ́ kàn án. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé díríìlì ni ó yẹ kí Bọ̀dá kọ́kọ́ ná owó gidi lé lórí.

Ẹ wo òrùka tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí yí ọrùn díríìlì ká. Òun ni ó ń sọ ibi tí ẹ̀rọ yóò ti dáwọ́ dúró nígbà tí súkúrù bá ti wọlé tó. Bí ẹ bá ń de hínjì mọ́ plywood, tí ẹ fi í sí nọ́ńbà kékeré, súkúrù yóò jókòó jẹ́ẹ́. Bí kò bá sí òrùka yẹn, tàbí tí kò bá ṣiṣẹ́, súkúrù yóò jẹ igi náà ní ìjẹkújẹ, kò sì ní di nǹkan kan mú mọ́. Hínjì kọ́bọ́ọ̀dù tí ń fara pamọ́ sínú ń fẹ́ ihò tí ó fẹ̀ ní milimítà 35, iṣẹ́ yìí sì ń fẹ́ díríìlì tí ó ní jíà méjì: ẹ lo jíà kìíní tí ó ń rọra yí, tí agbára rẹ̀ pọ̀. Kí ẹnu díríìlì náà lè gba irin tí ó nípọn tó milimítà 13.

Ti òrùlé, ẹ̀rọ mìíràn wà tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní impact, tí ó ń gbá súkúrù bí ó ti ń yí i. Òun ni ó yẹ fún súkúrù gígùn, kì í sì í yí ọwọ́ ẹni lọ́rùn bí díríìlì. Ṣùgbọ́n nínú àpá, ẹ fi díríìlì dá ihò kékeré kọ́kọ́, ẹ fi àbẹ́là pa ara súkúrù, lẹ́yìn náà kí ẹ tó gbé impact. Láìṣe bẹ́ẹ̀, orí súkúrù yóò já sínú igi, ẹkún ló kù.

Bí owó bá gbà, ẹ ra èyí tí mọ́tò rẹ̀ kò ní kábọ́ọ̀nù, tí wọ́n ń pè ní brushless. Kò sí ohun tí ẹ ó máa pààrọ̀ nínú rẹ̀, iṣẹ́ tí bátìrì kan ń bá a ṣe sì máa ń pọ̀ sí i.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ ra díríìlì, impact àti bátìrì méjì tó dára pẹ̀lú ṣájà wọn. Bí owó bá tún wọlé, ẹ ra ayùn tí ó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ kan náà láìsí bátìrì, nítorí ẹ̀rọ ìhòòhò bẹ́ẹ̀ máa ń dínwó púpọ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní London:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ àbúrò yín tí ó wà ní Houston ni mo fẹ́ fọwọ́ kàn, nítorí mo ti bá ará ilé mi ra ẹ̀rọ ránṣẹ́ rí.

Iná 120V ni wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà, 230V ni tiwa. Ṣájà tí ó bá ti ibẹ̀ bọ̀ tí wọ́n kọ 120V nìkan sí, ọjọ́ tí ẹ bá kì í bọ iná tiwa ni yóò jóná. Ẹ̀rọ àti bátìrì kò ní ìṣòro kankan. Bátìrì DeWalt 20V Max ti Amẹ́ríkà wọ inú ẹ̀rọ DeWalt 18V tí wọ́n ń tà níhìn-ín, bẹ́ẹ̀ náà ni 18V Makita àti ti Milwaukee jẹ́ ọ̀kan náà ní ìhà méjèèjì. Nítorí náà, kí àbúrò yín mú ẹ̀rọ àti bátìrì bọ̀, kí ẹ sì ra ṣájà 230V ti ilé-iṣẹ́ kan náà ní Nàìjíríà. Ẹni tí ó bá ń ti London bọ̀ náà lè bá yín rà á, nítorí pọ́ọ̀gì ẹlẹ́nu mẹ́ta tí à ń lò níbí bá ti ilé mu. Ṣùgbọ́n kí onítọ̀hún ṣọ́ra fún àlòkù: 110V ni wọ́n ń lò ní ibi ìkọ́lé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣájà tí pọ́ọ̀gì rẹ̀ jẹ́ róbótó aláwọ̀ yẹ́lò kì í ṣe tiwa.

Nínú ọkọ̀ òfuurufú, bátìrì tí kò sí lára ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ wà nínú àpò ọwọ́, kì í ṣe nínú àpótí tí wọ́n ń kó sísàlẹ̀. Èyí tí kò bá ju 100Wh lọ kò ń fẹ́ àṣẹ. Láti 100 dé 160, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kò sì gbọ́dọ̀ ju méjì lọ. Ẹ rántí ìṣirò tí wọ́n ṣe lókè: 18V 5Ah jẹ́ 90Wh, ó kọjá láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n 6Ah ti di 108Wh. Kí ó fi téèpù bo ẹnu irin bátìrì kọ̀ọ̀kan. Ayùn àti díríìlì fúnra wọn, inú àpótí ìsàlẹ̀ ni kí ó kó wọn sí.

Nípa yíyan ilé-iṣẹ́, ẹ wo èyí tí kò ń yí ẹnu bátìrì rẹ̀ padà lọ́dọọdún. Makita bẹ̀rẹ̀ ẹ̀yà 18V rẹ̀ ní 2005, ó sì ń ṣe é títí di òní. Àkójọ ọjà tí kò ní orúkọ, bí bátìrì rẹ̀ bá kú lọ́dún méjì sí i, níbo ni ẹ ó ti rí irú rẹ̀?

Káfíńtà Ìsẹ́yìn dáhùn pé:

Ẹ ṣeun, gbogbo yín, Ọlọ́run yóò bá yín bù sí i. Bàbá, mo gbọ́ ti àga méjì yẹn. Bí mo ti ń ṣe gan-an ni ẹ júwe, láti àárọ̀ yìí ni mo sì ti yí i padà. Mo padà sí ọjà lọ́sàn-án, mo gbé òṣùwọ̀n lọ́wọ́. Bátìrì àpótí 88V náà, tí wọ́n kọ 6Ah sí, jẹ́ gíráàmù 370. Olùtajà náà kò bá mi jà, ó ní bí wọ́n ti gbé e fún òun ni òun ṣe ń tà á.

Mo ti pinnu. Àbúrò mi yóò mú díríìlì, impact àti bátìrì 5Ah méjì bọ̀ ní oṣù Kejìlá, n óò sì ra ṣájà níbí. Àǹtí Abẹ́òkúta, mo gba ìmọ̀ràn yín lórí èyí tí yóò ṣáájú, ṣùgbọ́n n kò lè jẹ́ kí ayùn pẹ́, nítorí òrùlé mẹ́ta ń dúró dè mí lẹ́yìn ọdún; ìhòòhò rẹ̀ ni n óò rà nígbà tí mo bá gba owó àkọ́kọ́, èyí tí abẹ rẹ̀ jẹ́ 165. Ìbéèrè kan ni ó kù: ní abúlé tí kò sí iná, ṣé mo lè fi sólà kékeré tí oníbàárà ní kún bátìrì náà?

Atúnbátìrìṣe, Òṣogbo:

Ẹ lè ṣe é, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kọ́kọ́ ka iye wáàtì tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn ṣájà yín, kí ẹ sì rí i pé ẹ̀rọ inverter oníbàárà náà lè gbé ju ìyẹn lọ. Láti kún bátìrì 90Wh kan, ẹ ó lò ju 100Wh díẹ̀ lọ nínú bátìrì sólà rẹ̀, nítorí díẹ̀ máa ń ṣòfò lójú ọ̀nà. Ọ̀sán tí oòrùn mú ni kí ẹ kì í bọ̀ ọ́, kí ẹ má bàa fi iná alẹ́ oníbàárà ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kí ṣájà àti bátìrì fúnra wọn wà lábẹ́ ibòji. Bátìrì kan lẹ́nu iṣẹ́, èkejì lórí ṣájà, ẹ ó ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.